Bí ẹ ṣe lè yẹ ọjà tí wọ́n lẹ "AI" mọ́ wò kí ẹ tó sanwó

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ti ní AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá, ẹ̀rọ ìfọṣọ náà ní in, áàpù tó kàn ń ṣe àròpọ̀ owó sì ti gbé e sí iwájú orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló ń parọ́. Ohun tó burú ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí lè bo ohun mẹ́rin tí kò jọra rárá: òfin "bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ṣe tọ̀hún" tí ẹnì kan jókòó kọ sílẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tó ti inú ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ àtijọ́ kọ́ bí yóò ṣe dá tuntun mọ̀, ẹ̀rọ èdè ńlá, irú èyí tó wà nídìí ChatGPT, tí òǹtajà ń yá lò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn, tàbí ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó jókòó síbì kan tó ń fọwọ́ ṣe é. Ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà ṣìṣe yàtọ̀, owó tó sì yẹ kí èèyàn san fún un yàtọ̀. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni wíwá owó ti ń bá ọ̀rọ̀ náà rìn: lọ́dún 1955, onímọ̀ kọ̀ǹpútà John McCarthy àti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi tọrọ owó fún ìpàdé ìwádìí tó wáyé ní Dartmouth, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1956.

Ẹ kọ́kọ́ da ìpolówó náà kọ, kí ẹ wá yọ "AI", "ọlọ́gbọ́n" àti "ìgbàlódé" kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ka ohun tó kù. Bó bá jẹ́ "ó ń ka rìsíìtì, ó sì ń kọ ọjọ́ àti iye owó rẹ̀ sílẹ̀", ohun tí a lè yẹ̀ wò wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ "yóò gbé iṣẹ́ yín dé ibi gíga", ẹ pa á tì.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí òǹtajà. Mo ní kí ẹ kọ̀wé, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeé yí padà. Kí ló ń wọlé sínú ẹ̀rọ yìí, kí ló sì ń jáde? Inú àkọsílẹ̀ wo ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ìgbà wo sì ni àkọsílẹ̀ náà parí? Ta ló ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò? Ibo ni ohun tí a bá fi ránṣẹ́ ń lọ, ta sì ni yóò tọ́jú rẹ̀? Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn ní ìlà mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ní "àṣírí iṣẹ́ wa ni", ẹ rántí pé bí wọ́n ṣe ṣe é ló lè jẹ́ àṣírí. Ohun tó wọlé àti ohun tó jáde kò lè jẹ́ àṣírí fún ẹni tó fẹ́ lò ó.

Ẹ wá dán an wò fúnra yín, kì í ṣe pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí òǹtajà gbé wá. Ẹ kó 50 jọ láti inú iṣẹ́ yín: 30 tó jẹ́ ti ojoojúmọ́, 15 tó ta kókó, àti 5 tí kò ní ìdáhùn rárá, bí rìsíìtì tí omi ti pa iye owó inú rẹ̀ rẹ́. Àwọn 5 yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Ẹ̀rọ tó bá fi nọ́ńbà kan síbẹ̀ dípò kó sọ pé òun ò rí i, yóò ba ìwé ìṣirò yín jẹ́ láìsí ẹni tó máa tètè mọ̀. Ẹ kọ ìdáhùn tó tọ̀nà sílẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, nítorí bí ẹ bá kọ́kọ́ rí tirẹ̀, ojú yín yóò máa gbè é.

Ẹ béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tún béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn àti àṣìkọ díẹ̀. Òfin tó ń wá àwọn ọ̀rọ̀ kan pàtó yóò fọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ èdè lè yí gbólóhùn rẹ̀ padà, ìyẹn kò burú. Àmọ́ bó bá gbà láàárọ̀ tó sì kọ̀ lálẹ́ lórí ìwé kan náà, ẹ má fi ìpinnu lé e lọ́wọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu dídùn tàn yín. Ní 1966, onímọ̀ kọ̀ǹpútà Joseph Weizenbaum ṣàlàyé ELIZA, ètò tó kàn ń mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn tó sì ń dá a padà ní ìbéèrè. Síbẹ̀ àwọn kan lára àwọn tó bá a sọ̀rọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ àwọn yé e.

Ẹ wo aago pẹ̀lú. Iṣẹ́ kékeré tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó ń yá lọ́sàn-án tó sì ń dúró lóru, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èèyàn ló ń ṣe é. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan olùdásílẹ̀ áàpù ìrajà tó ń jẹ́ Nate pé ó sọ fún àwọn olùdókòwò pé AI ló ń parí ìrajà, nígbà tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ní Philippines ló ń fọwọ́ ṣe é.

Bí wọ́n bá ní "99% ìdáhùn rẹ̀ ló ń tọ̀nà", ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ìsanwó 1,000 wà nílẹ̀, tí 10 nínú wọn jẹ́ jìbìtì. Ètò tó kàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní "kò séwu", tí kò wo ohunkóhun, yóò tọ̀nà lórí 990, ìyẹn 99%, kò sì ní mú ẹyọ jìbìtì kan. Ẹ wá wo òmíràn tó nawọ́ sí 50, tí 8 nínú wọn jẹ́ jìbìtì lóòótọ́. Ó jẹ́ kí 2 bọ́, ó sì fẹ̀sùn kan 42 tí kò mọwọ́mẹsẹ̀: àṣìṣe 44, 95.6% péré. Síbẹ̀ òun ló wúlò, torí ó sọ 1,000 tí èèyàn ì bá yẹ̀ wò di 50. Nítorí náà, nọ́ńbà méjì ni kí ẹ béèrè: nínú jìbìtì tó wà nílẹ̀, mélòó ló mú? Nínú èyí tó mú, mélòó ló jẹ́ òótọ́? Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ohun tí wọ́n fi dán an wò wà lára ohun tó fi kẹ́kọ̀ọ́. Bó bá wà níbẹ̀, nọ́ńbà wọn kò já mọ́ nǹkan kan.

Kí ẹ tó sanwó lórí 8 yẹn, ẹ gbìyànjú òfin kan ṣoṣo nínú Excel: ìsanwó tó bá ju ìlọ́po mẹ́ta èyí tí oníbàárà máa ń san, ẹ dá a dúró. Bí òfin yìí bá mú 7 nígbà tó nawọ́ sí 45, ẹ mọ ohun tí owó náà máa rà gan-an: jìbìtì ẹyọ kan.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ ìpolówó, iṣẹ́ tí ọjà yín ń ṣe ni kí ẹ kọ, àti ibi tó ti ń kùnà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, SEC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, bu owó ìtanràn tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $400,000 lé ilé-iṣẹ́ méjì, Delphia àti Global Predictions, torí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sọ nípa bí wọ́n ṣe ń lo AI.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ra ọjà náà, ẹ jẹ́ kí àwọn nọ́ńbà méjèèjì tí ẹ béèrè lọ́wọ́ òǹtajà wọ inú àdéhùn, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tí a ó fi wọ̀n wọ́n àti iye owó tí wọn yóò dá padà bí wọn kò bá dé ibẹ̀. Kí òǹtajà sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun yóò kìlọ̀ kí òun tó pààrọ̀ ẹ̀rọ tó wà nídìí ọjà náà, torí ẹ̀rọ àyálò lè yí padà láì jẹ́ pé ojú áàpù yí. Ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ẹ tún fi àpẹẹrẹ 50 yẹn dán an wò kí ẹ tó máa bá iṣẹ́ lọ.