Pọ́ùn 35 àti ìwé òfin àtijọ́: bí èmi àti ọmọ mi ṣe kọ́ ìyọnu inú eré káàdì Pokémon

Ọ̀rọ̀ ìwé òfin yẹn ṣì ń dùn mí. Pọ́ùn 35 ni mo san fún àpótí káàdì Pokémon àlòkù kan níhìn-ín ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé Àkànní ọmọ mi, ọmọ ọdún 10, ti ń fi orúkọ àwọn Pokémon, àwọn ẹ̀dá àròsọ inú káàdì náà, lálàá. Ẹni tó tà á fún mi ní ṣọ́ọ̀bù sọ pé gbogbo ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò ló wà nínú rẹ̀: káàdì 60 tó pé, ẹyọ owó tí a ń ta sókè, àti ìwé òfin. Ìwé òfin ọ̀hún ti gbó. Ti ìgbà ọ̀wọ́ káàdì tí wọ́n ń pè ní XY ni, èyí tó dé ọwọ́ àwa elédè Gẹ̀ẹ́sì ní 2014, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin kan pàtàkì ti yí padà ní 2017 nígbà tí ọ̀wọ́ Sun & Moon jáde. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí ojú ti ọmọ mi láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mi ò ní ṣàlàyé bí a ṣe ń fa káàdì 7 sọ́wọ́ tàbí bí a ṣe ń to káàdì ẹ̀bùn 6 sílẹ̀. Ọmọ tó bá jókòó ti eré méjì péré ti mọ ìyẹn. Ohun tó ń fìyà jẹ olùbẹ̀rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Special Conditions. Ìyọnu ni èmi àti Àkànní ń pè é nílé. Márùn-ún ni: oorun, iná, májèlé, kí ara rọ, àti kí iyè dàrú. Pokémon tó dúró níwájú nìkan ni ìyọnu lè bá jà. Èyí tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìyẹn ìlà ẹ̀yìn, kò sí èyí tó kàn án nínú wọn.

Iná ni a yàn láàyò. Ìwé wa sọ pé bí Pokémon bá ti jóná, kí ẹni tó ni ín ta owó lẹ́yìn ìgbà tó kan oníkálukú. Bí owó bá fi orí hàn, kò sí nǹkan kan. Bí ó bá fi ẹ̀yìn hàn, ìfarapa 20. Iná náà kò sì ní kúrò, àfi bí Pokémon náà bá kúrò níwájú tàbí tó yí padà di àgbà. Mo wò ó dáadáa. Mo ní iná tí kì í kú yìí, bí a bá ti fi jó ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan, a ti já a jù sílẹ̀ nìyẹn. Mo tún fi pọ́ùn 14 ra àwọn káàdì oníná mìíràn kún un, kí dẹ́ẹ̀kì (àkójọ káàdì) Àkànní lè lágbára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi dánra wò lórí tábìlì ilé ìdáná. Ọmọ ayò tí mo kó wá láti Abẹ́òkúta ni a fi ń ka ìfarapa, ọmọ ayò kan dúró fún 10. Inú mi dùn gan-an ní alaalẹ́ yẹn, mi ò ní parọ́. Bí bàbá mi ṣe ń kọ́ mi ní ayò ni mo rí.

Ọjọ́ Sátidé kan ni a lọ síbi tí àwọn ọmọdé ti ń bá ara wọn ta á. Kì í ṣe ìdíje ńlá, káàdì àtijọ́ pàápàá wọlé. Eré àkọ́kọ́, Àkànní borí. Eré kejì, ó fi iná jó Pokémon ọmọbìnrin kan tó jókòó sí iwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ka ìfarapa 20 sórí rẹ̀ fúnra rẹ̀, láìta owó. Àkànní ní rárá, kó ta owó ná. Ọmọ náà ta á, orí ni. Àkànní bá kó ọmọ ayò méjèèjì kúrò lórí káàdì náà, ó ní kò sí ìfarapa. Ọmọbìnrin náà dá wọn padà, ó wá mú àmì iná kúrò, ó ní iná ti kú. Àkànní tún da àmì iná sí i padà.

Bó ṣe di àríyànjiyàn nìyẹn. Ìyá ọmọbìnrin náà sún mọ́ wa, ó rọra sọ fún mi pé ọmọ òun ló jàre. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó, ó wà nínú ìwé.” Mo ṣí ìwé náà, mo fi ìka tọ́ ọ. Obìnrin náà ka ibẹ̀, ó sì dákẹ́, nítorí ohun tí mo sọ gan-an ló wà níbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo jàre. Gbogbo ojú ti wà lára wa nígbà yẹn, àwọn ọmọ tó wà ní tábìlì kejì ti fi eré tiwọn sílẹ̀.

Ìgbà tí adájọ́ dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó níwà pẹ̀lẹ́, ẹ̀yìn ìwé wa ló kọ́kọ́ wò. Ó ní, “Sà, ìwé yìí ti pẹ́.” Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, ó fi ìwé òfin tòní hàn mí. Òfin iná ti yí padà pátápátá. Ìfarapa 20 ni wọ́n ń kà sórí Pokémon ná, dandan ni, kò sí owó títa fún ìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń ta owó: bó bá fi orí hàn, iná kú, bó bá fi ẹ̀yìn hàn, iná ń jó lọ. Ó ní ọjọ́ tí a bá tẹ káàdì kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, òfin tòní ni wọ́n fi ń ta káàdì àtijọ́.

Òfin ayò tí bàbá mi kọ́ mi náà ni mo fi ń ta ayò títí di òní. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé òfin eré lè yí padà láàárín ọdún mẹ́ta. Inú bí mi. Kì í ṣe sí adájọ́, kì í ṣe sí obìnrin náà. Sí ẹni tó gba pọ́ùn 35 lọ́wọ́ mi tó sì fi ìwé tí kò wúlò mọ́ há mi lọ́wọ́ ni. Gbogbo ìdánrawò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wó lulẹ̀ lójú kan náà. Iná tí a rò pé kì í kú ti kú lára Pokémon ọmọbìnrin náà, Àkànní kò sì ní ète mìíràn. Wọ́n nà án nínú eré yẹn, wọ́n nà án nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú bọ́ọ̀sì ni omijé ti bọ́. Ó ní, “Dádì, ṣebí ẹ ní ó wà nínú ìwé.”

Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Mo wa ìwé òfin tòní jáde lórí ìkànnì Pokémon fúnra rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni! Kọ́bọ̀ kan wọn kò gbà. Mo tẹ̀ ẹ́ síta, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yé mi ni àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe láàárín ìgbà tó kan ẹnì kan àti ìgbà tó kan ẹnì kejì. Ẹ̀yìn ìgbà tó kan oníkálukú ni, kì í ṣe ẹ̀yìn tìrẹ nìkan. A ti ń ṣe èyí náà ní àṣìṣe. Májèlé tí a ń kà sí 10 ní àyíká kan, 20 ni: 10 lẹ́yìn tìrẹ, 10 lẹ́yìn ti ẹnì kejì. Májèlé ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà iná, lẹ́yìn náà oorun, kí wọ́n tó kan ara rírọ. Mo sọ ọ́ di orin fún Àkànní: “Májèlé, iná, oorun, ara rírọ.” Ó ń kọ ọ́ bó bá ń fọ eyín. Iyè dídàrú kò sí nínú orin náà, torí ìgbà tí Pokémon bá fẹ́ jà ni wọ́n ń ta owó fún un. Bí owó bá fi ẹ̀yìn hàn, ìjà náà bà jẹ́, ó sì fi 30 ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Oorun kò burú tó bí mo ṣe rò. Bí wọ́n bá mú kí Pokémon rẹ sùn nígbà tó kan wọ́n, wọ́n á ta owó fún un ní àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kó tó kàn ọ́ rárá. Orí, ó jí. Ara rírọ ni kí o bẹ̀rù. Kò sí owó títa fún un: kò lè jà, kò lè sá sẹ́yìn, ìgbà tó kàn ọ́ á kọjá lórí òfo, àfi lẹ́yìn ìyẹn ni yóò kúrò. Àmọ́ ó dájú pé yóò kúrò, ìyẹn gan-an ni mo fi ń tu Àkànní nínú.

Ohun kan wà tí ìwé sọ ní gbólóhùn kan péré, tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n fi àwọ̀ pupa kọ. Wọ́n ń yí káàdì tó bá sùn sí ẹ̀gbẹ́ òsì, èyí tí ara rẹ̀ rọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, èyí tí iyè rẹ̀ dàrú ni wọ́n ń yí orí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Káàdì kan kò lè dojú kọ ibi méjì, nítorí náà èyí tó dé kẹ́yìn ló ń lé ti tẹ́lẹ̀ lọ. Májèlé àti iná kì í yí káàdì, àmì ni wọ́n ń fi lélẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè wà papọ̀ kí oorun tún kún un. Ìdérí ìgò aláwọ̀ ewé ni a fi ń ṣe májèlé nílé, pupa ni ti iná.

Ìwòsàn wá ńkọ́? Mo ti fẹ́ ra àwọn káàdì olówó ńlá tí wọ́n ń wo ìyọnu. Inú mi dùn pé mi ò rà wọ́n. Káàdì Switch ni ká ní, kò wọ́n rárá. Ó ń gbé Pokémon tó wà níwájú lọ sórí bẹ́ǹṣì, bó ti ń dé ibẹ̀ báyìí, gbogbo ìyọnu rẹ̀ ti kúrò. Oorun àti ara rírọ kò lè dí i lọ́wọ́, torí kì í ṣe Pokémon náà ló ń sá. Ìfarapa tó ti wà lára rẹ̀ ni kò ní kúrò, ẹ má ṣe àṣìṣe yẹn. Bí Pokémon bá yí padà di àgbà, ìyọnu ń kúrò bákan náà. Èyí ni ọmọ mi fúnra rẹ̀ rí: ó ń pa káàdì àgbà mọ́ sọ́wọ́, kò ní yára gbé e lé orí ti kékeré, àfi ìgbà tí ìyọnu bá dé. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni a padà lọ. Ó kù káàdì ẹ̀bùn kan péré kí Àkànní borí nígbà tí ọ̀rẹ́ kan fún Snorlax rẹ̀ ní májèlé, ó sì da iyè rẹ̀ rú. Snorlax yìí gba káàdì agbára (Energy) 4 kó tó lè sá sẹ́yìn, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀. Mo rí ọmọ náà tó ń mi ètè, mo mọ̀ pé orin ló ń kọ. Kò jà. Ó fi Switch gbé Snorlax lọ, ó gbé Pikachu wá síwájú, ó gbé Raichu, àgbà rẹ̀, lé e lórí, ó sì parí eré náà. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo ń yàwòrán rẹ̀.

Lọ́nà ilé a gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá, mo sì wọlé. Mo gbé ìwé àtijọ́ yẹn kalẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn kì í gba ọjà tí wọ́n ti ṣí padà. Mo ní mi ò tọrọ owó, kí wọ́n ṣáà yọ ìwé yẹn kúrò nínú àwọn àpótí tó kù. Márùn-ún ló ṣì wà lórí pẹpẹ, pọ́ùn 35 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.