Ẹ Má Fi Àwọ̀ Èèpo Mọ Ọsàn Tó Gbó: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Kétu

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, máa ń fi ọsàn sílẹ̀ lórí igi nítorí pé èèpo rẹ̀ ṣì dà bí ewé. Wọ́n á máa dúró kó pupa, títí eṣinṣin èso á fi yé ẹyin sí i, tí á sì máa já bọ́ sínú koríko. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, owó iléèwé ọmọ ti ká a lára, á já a nígbà tó ṣì kan gógó, torí ó rí ẹ̀gbẹ́ kan tó ti ń pupa. Àwọ̀ èèpo ló tan àwọn méjèèjì.

Ilẹ̀ wa kọ́ ló fà á, igi wa kọ́. Òru wa ló móoru. Àwọ̀ ewé tó wà lára èèpo ọsàn kì í ṣí kúrò dáadáa àfi tí òru bá tutù tó nǹkan bí 13°C fún ọjọ́ púpọ̀. Kódà nígbà ọyẹ́, òru Kétu kì í sábà tutù tó bẹ́ẹ̀. Òtútù yìí ló ń sọ ọsàn Sípéènì àti ti Mòrókò di pupa.

Ibi gíga náà máa ń mú òtútù wá: béèyàn bá gòkè 1,000 mítà, ooru á fi nǹkan bí 6°C dín kù. Ìlú Kétu kò tó 200 mítà. Àwọn àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ ga lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò ga tó láti yí òru padà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má torí àwọ̀ gbé oko ọsàn lọ síbẹ̀.

Ẹ wo ápù tó wà lórí àtẹ ní Àjàṣẹ́, tí àwọn ọmọ ń pè ní pọ́ọ̀mù. Oòrùn tó mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án àti òtútù lóru ló ń mú èèpo rẹ̀ pupa. Bí ewé kan bá bo ara rẹ̀ nígbà tó ń pọ́n, ibẹ̀ kì í pupa. Ẹ lè rí àmì ewé náà lára rẹ̀. Irú ápù kan náà tí a bá gbìn sókè máa ń pupa dáadáa ju ti ìsàlẹ̀ lọ, àmọ́ á pẹ́ kó tó gbó. Àwọn tó ń gbìn ín pàápàá kì í gbára lé pupa yẹn nìkan. Wọ́n á là á, wọ́n á wò bóyá kóró inú rẹ̀ ti dúdú. Ẹ má sì fi ilẹ̀ ṣòfò sórí kóró ápù tí ẹ jẹ: ó lè hù, ṣùgbọ́n òtútù tí igi náà nílò kó tó tanná dáadáa kò sí lọ́dọ̀ wa.

Báwo la ṣe wá ń mọ ọsàn tó gbó? Ẹ ka oṣù. Bí igi bá tanná nígbà òjò oṣù kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ ọ wò láti oṣù kẹwàá, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ já díẹ̀ lókè, díẹ̀ nísàlẹ̀, díẹ̀ níbi tí oòrùn ń pa àti lábẹ́ ibòji, torí ti ojú oòrùn sábà máa ń dùn ṣáájú. Èyí tó gbó máa ń wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe tóbi lọ. Èèpo rẹ̀ á ti kúrò ní dúdú tó le, á máa dán, á sì mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ gé e sí méjì: omi gbọ́dọ̀ dà sílẹ̀ bí ẹ bá fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ mu ún. Kò sí ohun èlò tó ju ẹnu lọ níbi ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ kí ẹ tó kórè; èèpo tó tutù máa ń tètè lápá. Ẹ fi ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì gé e, kí ìdí rẹ̀ má bàa ya. Ẹ má gbọn igi rárá.

Ẹ̀yin ará ilé, ọsàn tí wọ́n já ní kíkan kò ní dùn mọ́, bó ti wù kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ́ tó. Máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ àti ápù lè pọ́n nínú ilé. Ọsàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi káábáìdì àwọn jórinjórin mú ọsàn pọ́n, èèpo nìkan ló pa láró, ó sì lè fi májèlé sára ohun tí ọmọ yóò jẹ. Ẹ má lò ó.

Bí oníbàárà láti Kùtọnu bá ní ọsàn yín kò pupa, ẹ má torí ìyẹn gé owó rẹ̀. Ẹ gé ọ̀kan fún un, ẹ jẹ́ kó mu ún tán, kí ẹ tó jọ ná ọjà.