Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn fún àwọn ajìjàdù Smash ní Àkúrẹ́

Ẹni tó bá kọ́kọ́ tan Super Smash Bros. Ultimate, géèmù ìjà ilé iṣẹ́ Nintendo, lè rò pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ajìjàdù 89 ni gbogbo ayé ń pariwo, mẹ́jọ péré ló máa bá nílẹ̀: Mario, Donkey Kong, Link, Samus, Yoshi, Kirby, Fox àti Pikachu. Àwọn mẹ́jọ yìí náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Smash àkọ́kọ́ ní 1999. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù, àfi kéèyàn bá wọn jà kí wọ́n tó jáde. Àwọn díẹ̀ wà tó jẹ́ pé owó ni wọ́n fi ń rà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn yẹn ò kàn mí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí dọ́là?

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ló fi Switch, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, àti géèmù náà rán ẹnì kan sí mi ní Òkè-Àró. Kí n tó tú páálí tán, àwọn ọmọ àdúgbò ti kún yàrá. Bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n àti géèmù ìjà Mortal Kombat ni wọ́n mọ̀. Ọmọ ìyá aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa wo àwòrán ara páálí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, Sonic ni tèmi o." Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Sonic yẹn gan-an ló jẹ́ kí géèmù yìí yà mí lẹ́nu. Láàárín ọdún 1990 sí 2000, ilé iṣẹ́ Sega tó ni Sonic àti Nintendo tó ni Mario ń bá ara wọn du ọjà kíkankíkan. Ní 2001 ni Sega jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ̀rọ géèmù. Nígbà tó di 2008, Sonic ti wọ Smash Bros. Brawl, òun àti Snake ti ilé iṣẹ́ Konami. Nínú Ultimate tó jáde ní 2018, Pac-Man wà níbẹ̀, Mega Man àti Ryu ti Capcom wà níbẹ̀, Cloud ti Square Enix náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n tiẹ̀ fi ajá ọdẹ kan àti pẹ́pẹ́yẹ tó yẹ kó máa lé ṣe ajìjàdù kan ṣoṣo. Obìnrin kan sì wà tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá, bó ṣe ń na ara ló ń fi gbá èèyàn dànù. Ta ló ronú èyí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìjà rẹ̀ ṣe rí, torí ibẹ̀ ló máa ń dojú rú fún ẹni tó bá ti Mortal Kombat bọ̀. Bí ìjàkadì ni: kì í ṣe ẹni tó na èèyàn jù ló jàre, ẹni tó gbé èèyàn kúrò nílẹ̀ ni. Òǹkà ìyà kan wà nísàlẹ̀ tó ń ti orí òdo lọ sókè. Bó bá ṣe ń ga sí i ni ẹ̀ṣẹ́ kékeré á máa gbé èèyàn jìnnà sí i, títí yóò fi já bọ́ kúrò lórí pèpéle.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti ṣílẹ̀kùn. O lè máa bá ọ̀rẹ́ jà lásán, àwọn tuntun á máa yọjú lẹ́yìn àkókò díẹ̀, àmọ́ o ò ní yan ẹni tó máa wá. World of Light, apá onítàn inú géèmù náà, gùn jù fún ẹni tí iná ò dúró sójú kan fún. Classic Mode, níbi téèyàn ti ń bá ọ̀wọ́ ọ̀tá jà títí dé òpin, ni mo mú, torí pé níbẹ̀, ẹni tó o fi jà ló ń pinnu ẹni tó máa jáde. Mario ló ń pe Sonic. Link ló ń pe King K. Rool, lẹ́yìn náà Ice Climbers, Simon Belmont, Meta Knight, kó tó kan Snake. Ẹni tó jáde náà sì lè máa bá ìlà yẹn lọ, kò di dandan kó jẹ́ Link títí.

Mo parí ti Mario, ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, òjìji kan yọ. Irun ẹ̀yìn orí rẹ̀ tó ṣe ṣonṣo ni àwọn ọmọ fi dá a mọ̀, ariwo sọ. Sonic ká ara jọ, ó ń yí gbirigbiri káàkiri. Ẹ má lé e. Etí pèpéle ni mo lọ dúró sí, mo kọ ẹ̀yìn sí ọ̀gbun, mo tẹ bọ́tìnnì ZR kí asà jáde. Bó ṣe kọlu asà báyìí, mo tẹ A láìjẹ́ kí ZR lọ, Mario sì dì í mú. Mo fa ọ̀pá páàdì sẹ́yìn, Mario di ẹsẹ̀ Sonic mú, ó fì í yí po, ó jù ú sínú òfo. Tí òǹkà ìyà rẹ̀ bá ti kọjá 100, bóyá ló máa padà.

K. Rool, ọ̀nì oníkùn gbẹ̀ǹdù tó dé adé yẹn, ikùn rẹ̀ ni asà rẹ̀. Ọfà àti bọ́ǹbù Link ni mo fi rọra bá a wí láti òkèèrè. Simon ní pàṣán gígùn, ó burú fún ẹni tó bá jìnnà, àmọ́ tó bá ti já bọ́, àtigòkè máa ń nira fún un. Snake ló dá mi lágara. Bọ́ǹbù ọwọ́ ló ń jù kiri, àfìgbà tí mo rí i pé èèyàn lè he é nílẹ̀ kó sì jù ú padà sí i.

Tí ẹnì kan bá nà yín, kò tíì tán o. Ẹ lọ sí Games & More, ìlẹ̀kùn kan máa ń yọ síbẹ̀ tí wọ́n kọ Challenger's Approach sí, ẹ lè tún pè é wá jà. Ẹ má ka iná sí bákan náà. Bí wọ́n bá mú un lọ, ẹ yọ Switch kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ẹ máa jà nìṣó lórí bátìrì.

Báyìí, gbogbo èyí tí kò la owó lọ ti wà níta. Òfin ilé wa ni ẹ̀mí mẹ́ta fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Joy-Con méjèèjì, ìyẹn páàdì kékeré ara Switch, ni a máa ń yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni kan. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá tán, kó gbé páàdì fún ẹni tó kàn.