Ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ kà nínú Reading IELTS
Ẹ̀yin tí ẹ ń múra IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má ti orí àyọkà bẹ̀rẹ̀ Reading, apá ìwé kíkà rẹ̀. Ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Àyọkà 3, ìbéèrè 40, ìṣẹ́jú 60 péré. Ẹni tó bá jókòó ti àyọkà bí ìwé ìròyìn, aago á lù mọ́ ọn lórí. Ẹ fàlà sábẹ́ orúkọ, ọdún àti iye tó wà nínú ìbéèrè, torí ọ̀rọ̀ mìíràn lè yí padà nínú àyọkà, àwọn wọ̀nyí kì í sábà yí; kí ẹ wá fi ojú wá wọn kiri. Níbi True, False, Not Given (bóyá àyọkà gbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè, ó takò ó, tàbí kò sọ ọ́ rárá), ìdáhùn máa ń tẹ̀lé ara wọn: bí ẹ bá rí ti 3 ní ìpínrọ̀ kejì, ẹ má padà sókè wá ti 4. Ìyàtọ̀ láàárín False àti Not Given gan-an ló ń ká èèyàn mọ́ o. Bí àyọkà bá ní ọdún 1932 ni wọ́n parí afárá kan, tí ìbéèrè ní ó ti parí ṣáájú 1930, False ni. Bí ìbéèrè bá ní afárá náà gbówó ju bí wọ́n ṣe rò lọ, tí àyọkà kò mẹ́nu ba owó rárá, Not Given ni, kódà kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ san owó ọ̀hún. Ọgbọ́n kíka ìbéèrè ṣáájú yìí kò ran Matching Headings, níbi tí ẹ ti ń yan àkọlé fún ìpínrọ̀, ṣá: kókó ìpínrọ̀ ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, àfi kí ẹ fara balẹ̀ ka ìpínrọ̀ náà látòkè délẹ̀.