Bí Mo Ṣe Fi Ìsinmi Múra Sílẹ̀ fún Lítíréṣọ̀ Ọdún Àṣekágbá

Ìṣòro mi ni pé ohun tí mo bá kà nínú àwọn ìwé tí a yàn fún wa kì í pẹ́ pòórá lọ́kàn mi. Kíka ìwé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì ló yanjú rẹ̀: mo kọ́kọ́ ka ìtàn àròsọ àti eré oníṣe já láìmú kálàmù dání, kí n lè gbádùn wọn, nígbà tí mo padà sí wọn, mo ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ àyọlò kúkúrú síbẹ̀, nítorí èyí tó gùn ṣòro láti há sórí.

Ewì ló gba àkókò jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Mo ń kà á sókè kí n tó wá ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú sonnet, irú ewì kan tó máa ń ní ìlà 14, mo ń wá ibi tí èrò ti yí padà, èyí tó sábà máa ń wáyé lẹ́yìn ìlà kẹjọ nínú irú ti Ítálì, tó sì lè dúró di ìlà méjì ìparí nínú irú ti Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni mo pa ìwé dé, tí mo sì dáhùn ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ láìwo àkọsílẹ̀.