Bí mo ṣe fi eku funfun dán efinrin wò

Nílé wa, bí inú bá ń yọ ọmọ lẹ́nu, kò sẹ́ni tó ń sáré lọ ra oògùn. Ìyá àgbà á kàn bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, á já efinrin ẹ̀kúnwọ́ kan, á gbo ó sínú omi, á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, á sì sẹ́ ẹ sínú ife. A ó fa ojú ro, a ó gbé e mu. Títí mo fi wọ yunifásítì, mi ò bi ara mi rí bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo wa ṣáà ń gbádùn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Pé ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ló ń dá fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn ò wá sí wa lọ́kàn.

Nígbà tó di pé kí n mú iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, efinrin ni mo mú. Èmi kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ ṣe é. Ní 1969 ni El-Said, Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbé àbájáde jáde lórí rẹ̀, a sì ti mọ̀ pé òróró inú ewé náà ní thymol tó ń pa kòkòrò àrùn. Ohun témi fẹ́ mọ̀ yàtọ̀: ṣé efinrin máa ń fa ìfun sẹ́yìn bó bá ń sáré?

Efinrin ńlá ni mo lò, mo já a kí oòrùn tó yọ. Mo mú ẹ̀ka kan tó ní òdòdó lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ìlànà yìí dà bí àṣejù lójú mi tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí mo rí ìyá eléwé-ọmọ kan lọ́jà tó di efinrin ńlá àti wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ìdì kan. Abẹ́ òjìji ni mo sá a sí fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, torí oòrùn máa ń gba òróró ara rẹ̀ lọ. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rùn bí ìkòkò ọbẹ̀ ata ewúrẹ́. Mo lọ̀ ọ́, mo rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí 24, mo sẹ́ ẹ, mo sì fi iná jẹ́jẹ́ gbẹ ẹ́ ní ìwọ̀n 40 lórí Celsius. Gíráàmù 500 lẹ́búlẹ́bú ewé ni mo fi bẹ̀rẹ̀; ohun dúdú kan tó ń fà bí ọṣẹ dúdú, tó lé díẹ̀ ní gíráàmù 50, ló kù sí mi lọ́wọ́.

Mo pín eku 25 sí ilé márùn-ún. Ilé kan máa mu omi lásán, ìkan máa mu loperamide, oògùn òyìnbó tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Ilé mẹ́ta yòókù máa mu efinrin: mílígíráàmù 100, 200 tàbí 400 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. A ti febi pa wọ́n mọ́jú, àmọ́ a fún wọn lómi. Wáyà ni ìsàlẹ̀ ilé wọn, torí eku máa ń jẹ ìgbẹ́ ara rẹ̀ bí o bá gbà á láyè. Bí wọ́n bá mu tiwọn tán, wákàtí kan lẹ́yìn náà ni eku kọ̀ọ̀kan á gba mílílítà kan òróró lárà, èyí táwa ń pè ní castor oil. Bó bá dénú ìfun, ásíìdì kan máa ń jáde lára rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ìfun fún ara rẹ̀ kíkankíkan. Àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi ọ̀nà tó ń gbà ṣe é hàn ní 2012.

Bàbá tó ń tọ́jú yàrá ẹranko ló kọ́ mi bí a ṣe ń fún eku lóògùn. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò ní ẹnu ṣóńṣó, orí rẹ̀ rí rogodo bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu lo máa gbà wọlé, wàá jẹ́ kí eku fúnra rẹ̀ gbé e mì.

“Má fún un lọ́rùn o, ọmọ mi,” Bàbá ní. “Bó bá ta kò ọ́, fà á jáde. O ò gbọdọ̀ tì í. Tó o bá tì í, inú ẹ̀dọ̀fóró lo máa da nǹkan sí, ó sì ti kú nìyẹn.”

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí mo fi dé orí eku kẹwàá.

Mo tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan, mo jókòó tì wọ́n. Wákàtí kan kọjá, ó di méjì. Abẹ́ àwọn ẹlẹ́finrin gbẹ táútáú! Mo ti ya fọ́tò, mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi, mo ti ń ro bí mo ṣe máa ròyìn fún Ìyá àgbà. Bàbá ò tiẹ̀ dìde níbi tó wà.

“Yé pariwo. Wo abẹ́ àwọn olómi ná.”

Mo wò ó. Abẹ́ tiwọn náà gbẹ. Eku kan ṣoṣo ló ṣe ohun tó jọ ìgbẹ́ gbuuru nínú àwọn márààrún. Efinrin ò dá nǹkan kan dúró, torí kò sí nǹkan kan tó ń lọ. Òróró lárà tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta nǹkan ìpara irun ni; wọ́n ti fi òróró mìíràn là á. Ká ní mi ò ní ilé olómi ni, mi ò bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé efinrin ń ṣiṣẹ́ ìyanu.

Ohun tó dùn mí jù ni àwọn eku. Láti 1959 ni Russell àti Burch ti là á kalẹ̀ fún àwa tó ń fi ẹranko ṣe ìwádìí: bí ohun mìíràn bá lè rọ́pò ẹranko, lò ó, bí kò bá ṣeé ṣe, dín iye wọn kù, dín ìyà wọn kù. Èmi wá febi pa eku 25 lásán. Mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹranko, wọ́n ní kí n fún wọn ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó padà sídìí wọn.

Lẹ́ẹ̀kejì, ilé oògùn ni mo ti ra òróró, eku méjì péré ni mo sì fi tọ́ ọ wò kí n tó ṣe tàwọn yòókù. Bàbá ló kọ A sí E sára àwọn ilé náà, ó fi ìwé tó túmọ̀ rẹ̀ sápò. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìgbẹ́ ò mọ ẹni tó mu kí ni. Wákàtí mẹ́rin ló fi kà á. Ìgbẹ́ tó bá ṣomi máa ń fi òrùka omi yí ara rẹ̀ ká lórí bébà. Èyí tó gbẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Bàbá yọ ìwé jáde, gbogbo àwọn olómi ló ti ṣu gbuuru. Àwọn tó mu efinrin 100 ò yàtọ̀ sí wọn. Nínú ilé 400, eku méjì ò ṣu gbuuru rárá, tàwọn mẹ́ta yòókù sì dín kù. Loperamide ṣe dáadáa jù ú lọ.

Ó wá ku ti èédú. A po èédú lílọ̀ mọ́ omi gọ́ọ̀mù, a fún wọn mu, a sì fi oògùn oorun pa wọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30 ká lè wo ibi tí dúdú náà rìn dé nínú ìfun. Mi ò fẹ́ràn apá yìí, mi ò sì ní ṣe bíi pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìfun eku kékeré yẹn tó bíi mítà kan. Tó o bá fà á, á gùn sí i, ìwọ̀n rẹ á sì di irọ́. Ṣe lo máa fi omi iyọ̀ rin tábìlì kó lè yọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Dúdú náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ìfun àwọn olómi. Nínú àwọn tó mu efinrin 400, kò kọjá ìlàjì púpọ̀.

Efinrin ń fa ìfun sẹ́yìn, ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyẹn. Ìgbẹ́ gbuuru òróró lárà kì í ṣe onígbáméjì. Omi tó ń tán lára ló ń pa ọmọ, kì í ṣe ìfun tó ń sáré. Omi ORS, ìyẹn omi tí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà sí, àti zinc ni wọ́n fi ń tọ́jú ìyẹn.

Mo tún ṣírò rẹ̀. A máa ń fi 6.2 pín ìwọ̀n ti eku ká tó gbé e wá sórí ènìyàn. Fún ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60, 400 yẹn á tó gíráàmù mẹ́rin nínú ohun dúdú mi, èyí tó máa gba bíi gíráàmù 40 ewé gbígbẹ. Ẹ̀kúnwọ́ kan ò lè mú un wá.

Mo lọ sọ fún Ìyá àgbà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, eku, èédú, bébà.

“Iyọ̀ ńkọ́?”

Mo ní a ò fi iyọ̀ sí i.

“Ẹ sá a gbẹ, ẹ fi iná gbẹ omi ara rẹ̀, ẹ ò wá fi iyọ̀ sí i.” Ó rẹ́rìn-ín. “Kí lẹ wá fún àwọn eku yẹn mu?”

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo tún kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ náà. Ewé tútù ni mo bèèrè fún, mo ní a ó gbo ó sómi, pẹ̀lú iyọ̀. Àti ilé kan sí i, tí wọ́n á mu omi iyọ̀ lásán.