Zebra danio tó ń lé ara wọn kiri: ohun tó bá mi ṣiṣẹ́

Zebra danio ni ẹja kékeré abilà tí à ń sìn nínú tánkì omi. Mẹ́rin ni tèmi nínú tánkì lítà 80, èyí tó lágbára jù ń lé àwọn yòókù kiri ṣáá, ó ti já ìrù ọ̀kan jẹ, èyí tó kéré jù wá ń sá sẹ́yìn fílítà tó ń sẹ́ omi, kò jẹun dáadáa mọ́, ó dùn mí gan-an. Mo pààrọ̀ omi, mo fi kún oúnjẹ, pàbó. Mo yọ oníjà yẹn sọ́tọ̀, bí mo ṣe dá a padà báyìí ló tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni pé mo ra mẹ́fà kún un, torí ẹja tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ ni danio, tí wọn ò bá pọ̀, ẹyọ kan ni gbogbo ìyà á máa jẹ, tí wọ́n bá pọ̀ lílé náà á pín káàkiri. Mo kọ́kọ́ kó àwọn tuntun sí ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nítorí àrùn. Kí n tó dà wọ́n pọ̀, mo tún òkúta àti ewéko tò kí ọ̀gá yẹn má mọ ibi tó ń ṣọ́ mọ́, mo fi àárín sílẹ̀ gbalasa kí wọ́n ráyè sáré. Ẹ bo tánkì o, wọ́n máa ń fò jáde!

Wọ́n ṣì ń lé ara wọn díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò sí ìrù jíjá mọ́, kékeré yẹn náà ti ń jẹun. Tí tánkì yín bá kéré, mi ò lè sọ pé á rí bẹ́ẹ̀.